Àwa ọ̀rẹ́ sẹ́kọ́ńdìrì fẹ́ lọ jẹun alẹ́ nílé oúnjẹ Kòríà kan tí kò ní mẹ́nù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìjókòó_Ẹ̀yìn (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú àṣálẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi ò le púpọ̀ àmọ́ ó ti fẹ́ di ìjà nínú grúùpù WhatsApp wa, ìdí tí mo fi gbé e wá síbí nìyẹn. Àwa mẹ́fà la jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀yìn kíláàsì la jọ ń jókòó, àwọn tíṣà mọ̀ wá dáadáa (ẹ má bi mí pé kí ló fà á). Látìgbà tí a ti jáde, kálukú ti bá tiẹ̀ lọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú nìkan ló ń jẹ́ ká fojú kan ara wa, kò sì sẹ́ni tó ń ráyè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní báyìí a ti fẹnu kò pé ká jọ jẹun alẹ́, àwa nìkan, kò sí ọkọ, kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ.

Wàhálà àkọ́kọ́ nìyí: ọ̀kan nínú wa tí a ń pè ní Ṣẹ́ẹ̀fù, torí pé òun ló máa ń jí oúnjẹ gbogbo wa jẹ nígbà yẹn, ti lọ gba àyè sílẹ̀ nílé oúnjẹ Kòríà kan láì bi ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ̀ ń rò o. Wọn ò ní mẹ́nù, màmá àgbàlagbà kan ló ni ibẹ̀, ohun tó bá wù ú ló máa sè lọ́jọ́ náà, orí ilẹ̀ lèèyàn ń jókòó sí, ẹ ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, iná sì ń jó láàárín tábìlì. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, mo rí ẹja kan níbẹ̀ tó sọ fún wa pé ó ń rùn, inú ẹ̀ sì ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́!

Ìkejì, ẹnì kan wà nínú wa tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí kì í sì mu ọtí. Ẹnì kan ní àléjì edé. Ìkẹta tó wá ń dùn mí jù, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wa, ìyàwó ẹ̀ ló sọ fún mi, òun fúnra ẹ̀ ò ní sọ láéláé, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan náà wà tó ti di olówó, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Báwo la ṣe máa sanwó tí ojú ò fi ní ti ẹnì kankan? Àbí ká kúkú yí ilé oúnjẹ náà padà?

---

KòSátaKòSíJẹ

Ẹ má yí nǹkan kan padà jàre. Ilé oúnjẹ tí iná bá wà láàárín tábìlì ló dáa jù fún àwọn tí kò tíì ríra tipẹ́. Láwọn ibòmíì, kálukú á dojú kọ àwo tiẹ̀, tọ́rọ̀ bá ti tán lẹ́nu báyìí, fóònù dà, wọ́n ti fà á yọ. Níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ yìí, kò sáyè ìyẹn. Ẹnì kan á máa yí ẹran, ẹnì kan á mú àlùmọ́gàjí máa gé e (bẹ́ẹ̀ ni, àlùmọ́gàjí gan-an, orí iná níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ẹran), ẹnì kan á máa na ewé sáwọn yòókù, ojú kan náà sì ni gbogbo yín á máa nawọ́ sí. Tọ́rọ̀ bá fẹ́ dákẹ́, ẹran á fẹ́ jóná, ẹnì kan á pariwo, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ samgyeopsal ló gbé wá, ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, ọlọ́ràá ni, wọn kì í fi nǹkan kan pa á lára kó tó dórí iná. Ẹ ó tẹ́ ewé lettuce sọ́wọ́, ẹ ó gbé ẹran lé e, ẹ ó fi ssamjang sí i, ìyẹn ata àti ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti jẹ́ kó kan tí wọ́n wá pò pọ̀, ẹ ó fi aáyù díẹ̀ sí i, ẹ ó ká a, ó di ẹnu. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni o! Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gé e jẹ lẹ́ẹ̀mejì, àyà aṣọ ẹ̀ ló máa jẹ èyí tó kù.

---

Hàlímọ̀_A

Ẹ dúró ná ẹ̀yin oníkùn ẹlẹ́dẹ̀ 😂 Èmi náà kì í jẹ ẹ́, mo sì máa ń lọ ilé oúnjẹ Kòríà dáadáa, ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé ẹ ní láti sọ ọ́ ṣáájú, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá ti jókòó tán. Ẹran màlúù wà. Bulgogi wà, èyí tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n rẹ sínú sọ́ọ̀sì sóyà, ṣúgà, aáyù àti òróró yànmọ̀tí. Galbi náà wà, egungun ìhà ni. Àmọ́ kí wọ́n bi màmá yẹn bóyá ọtí wà nínú omi tó fi rẹ ẹran, torí ọ̀pọ̀ ló ń da wáìnì ìrẹsì sí i kí ẹran lè rọ̀. Kí wọ́n sì ní kó fún yín ní irin ìsunran tó yàtọ̀. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára kí wọ́n máa pààrọ̀ irin yẹn, tó bá ti dúdú wọ́n á yọ ọ́ wọ́n á gbé òmíì sí i, ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú láti sọ.

Èyí tó ní àléjì edé yẹn gan-an ló já mi láyà. Kimchi táwọn èèyàn rò pé kábéèjì àti ata lásán ni, edé oníyọ̀ wọ́pọ̀ nínú ẹ̀ gan-an, tí kì í bá ṣe edé, omi ẹja ni. Ojú ò lè rí i torí ó ti jẹrà pọ̀ mọ́ ata. Ọbẹ̀ náà, ẹ bèèrè, wọ́n máa ń fi ẹja gbígbẹ kéékèèké àti ewé inú òkun se omi ẹ̀, àwọn míì á tún ju edé gbígbẹ sí i. Kí ó mú oògùn ẹ̀ dání o, kó má sọ pé ilé òun jìnnà.

---

Ìjókòó_Ẹ̀yìn

Àǹtí Hàlímọ̀ ẹ ṣé gan-an o. Ẹni tó ní àléjì yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sínú grúùpù lánàá pé "mi ò ní yọ yín lẹ́nu, kimchi àti ìrẹsì nìkan ni màá jẹ." Ọlọ́run ló yọ ọ́.

---

Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn

Èmi ò gbà o, ẹ má bínú. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ eegun. Àwọn èèyàn tó ti dàgbà, ẹ fẹ́ kí wọ́n ká ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta? Èéfín wà, ariwo wà, iná ń bù yín lójú, ẹ̀ ń pariwo kẹ́ni tó wà níkangun lọ́hùn-ún lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, ẹ wá ibi tó dákẹ́ tí àga gidi wà. Ti màmá tí kò ní mẹ́nù yìí gan-an ńkọ́? Tó bá gbé nǹkan tí ẹnì kankan ò lè jẹ wá, kí lẹ máa ṣe, ẹ máa lọ ra búrẹ́dì?

---

Bàbá_Fóònù_Kékeré

@Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn ẹ̀yin lẹ ní eegun, àwọn sọ pé àwọn fẹ́ jẹun 😂😂

Ẹ kàn rí i dájú pé kì í ṣe ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ṣì ń rìn ló máa gbé wá. Mo ti rí i rí. Wọ́n ń pè é ní sannakji, wọ́n á gé ẹsẹ̀ ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á da òróró yànmọ̀tí lé e, ó á ṣì máa mira lórí àwo. Ó ti kú o, iṣan ẹ̀ ló ń gbọ̀n. Mi ò fi ṣeré, ohun tó lè fún èèyàn lọ́fun ni, ẹnu ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń fà nǹkan mọ́ra yẹn lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, ó ti pa èèyàn. Tẹ́ ẹ bá máa jẹ ẹ́, ẹ rún un jẹ kó kúná, ẹ má sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọtí lágbárí.

---

Adùmáradán

Ẹja tó ń rùn yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé hongeo ni. Ẹja pẹlẹbẹ kan ni tó ní ìyẹ́ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àwọn ará Jeolla tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Kòríà ló ni ín, erékùṣù Heuksando àti ìlú Mokpo ni wọ́n ti gbajúmọ̀ fún un. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan kan wà nínú ara ẹja náà tó ń jẹ́ yúríà, tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, á di ammonia, ammonia yẹn ló ń pa kòkòrò tó lè mú kó bàjẹ́. Wọn ò fi iyọ̀ kankan sí i. Láyé ìgbà tí kò sí fíríìjì, ẹja yòókù á ti jẹrà kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, èyí á ṣì ṣeé jẹ.

Bó ṣe ń rùn wá ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, ó ń rùn bí ilé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀ látàná. Tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́nu, ẹ má fi imú mí sínú, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi mí sínú. Wọ́n sábà máa ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ àti kimchi tó ti pẹ́ tì í, mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá fi makgeolli sìn ín, ọtí ìrẹsì funfun yẹn. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí kì í mu ọtí á jẹ ẹ́ lóun nìkan láìsí ohun tó máa rọ̀ ọ́ lọ́kàn 😭 ẹ bá mi kí i.

---

Alákọ̀wé_Owó

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ torí gbogbo yín ti sá fún un. Àwọn ará Kòríà fúnra wọn, àṣà wọn àtijọ́ ni pé ẹni tó bá dàgbà jù tàbí ẹni tó pe àwọn yòókù ló ń sanwó, débi pé wọ́n máa ń jà níwájú ẹni tó ń gbowó, ẹnì kan á máa ti ọwọ́ ẹnì kejì sẹ́yìn. Àmọ́ láàárín àwọn tó jọ ṣe kíláàsì, ẹgbẹ́ ni wọ́n, ta ni àgbà? Ohun tó ti wá wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ni kí wọ́n fi iye èèyàn pín owó, kálukú fi ti ẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kíá. Òfin tún wá ti i lẹ́yìn. Láti 2016 ni òfin kan ti wà ní Kòríà Gúúsù tó fi ààlà sí iye oúnjẹ tí èèyàn lè rà fún òṣìṣẹ́ ìjọba, tíṣà àti akọ̀ròyìn, 30,000 won (owó wọn) lórí ẹnì kan, ìgbà tó di 2024 ni wọ́n tó gbé e sí 50,000. Torí náà, tí ọ̀rẹ́ ẹ bá jẹ́ tíṣà, kò lè máa jẹ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní tiyín, ohun tí mo rí ni pé ilé oúnjẹ tí kò ní mẹ́nù gan-an ló máa gbà yín. Ibi tí mẹ́nù bá wà, ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ á máa fi ojú wá èyí tó kéré jù, gbogbo èèyàn á sì rí i. Níbi tó jẹ́ pé màmá ló ń yàn, iye kan náà ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣeé mọ̀ ṣáájú. Ẹ bi í iye tó jẹ́, ẹ gbé e sínú grúùpù, kí Ṣẹ́ẹ̀fù gba owó kó tó di ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá lè san án á ti mọ̀, á wá nǹkan sọ, kò ní jẹ́ lójú gbogbo ayé.

---

Mọ́nítọ̀_Àná

Alákọ̀wé ọ̀rọ̀ ẹ dáa àmọ́ kò tó. "Á wá nǹkan sọ" yẹn ni pé kò ní wá nìyẹn. Ìyẹn gan-an kọ́ lẹ̀ ń sá fún? Kí olówó yẹn lọ bá màmá ní kọ̀rọ̀ kó san gbogbo ẹ̀, kó sì pa ẹnu mọ́.

---

Alákọ̀wé_Owó

Olówó tí kì í jẹ́ káwọn èèyàn gbàgbé pé òun lówó lẹ fẹ́ kó pa ẹnu mọ́? Ẹ ka ohun tí Ìjókòó_Ẹ̀yìn kọ dáadáa.

---

Mọ́nítọ̀_Àná

😂😂😂 ó yé mi.

---

Ìyá_Ìbejì_Kẹta

Ẹ má bá ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ sanwó ní ìkọ̀kọ̀ láì sọ fún un o, mo bẹ̀ yín. Tó bá mọ̀ lẹ́yìn náà, á dà bíi pé ẹ ti ń fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ látẹ̀yìnwá. Kí Ìjókòó_Ẹ̀yìn pè é lórí fóònù bí ẹni ń béèrè ìmọ̀ràn, "ọ̀rẹ́, iye yìí ni màmá ní, ṣé kò ti pọ̀ jù lójú tìẹ? Ṣé ká ní kó dín in kù?" Kó fi ẹnu ara ẹ̀ dáhùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń wò bíi pé kò ní ti fi owó kékeré kan pa mọ́ torí ọjọ́ yẹn.

Èyí tó kù tí ẹnì kankan ò tíì sọ ni orúkọ ìnagijẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn orúkọ tí a fi ń pe ara wa nílé ìwé, àwọn kan nínú ẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́. Àwa náà kó ara wa jọ rí, ẹnì kan kàn dédé pe ọ̀kan nínú wa ní orúkọ tí wọ́n fi ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà yẹn, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wá mọ́ látọjọ́ náà. Ẹ gbọ́ ohùn onítọ̀hún kẹ́ ẹ tó pè é.

---

KòSátaKòSíJẹ

Kí n fi díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó lọ, kí màmá má baà lé yín jáde.

Àwọn àwo kéékèèké tí wọ́n máa tò kún tábìlì, banchan ni wọ́n ń pè é, kò lówó nínú, tó bá tán ẹ ní kí wọ́n bù sí i, wọ́n á bù ú láì gba kọ́bọ̀. Gbogbo yín lẹ jọ ni í, kò sí pé tèmi lèyí. Ìrẹsì àti ọbẹ̀, ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, igi ìjẹun wà fún nǹkan yòókù, irin ni wọ́n sì fi ń ṣe é, pẹlẹbẹ ni, ó máa ń yọ̀, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ má gún un dúró sínú ìrẹsì rárá, ìrẹsì òkú ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Tí soju, ọtí Kòríà yẹn, bá jáde, wọn kì í bu ti ara wọn o. Ẹ bu ti ẹnì kejì, òun náà á bu tiyín. Tó bá jẹ́ àgbà lẹ̀ ń bù fún, ọwọ́ méjèèjì, ẹ ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ tó mu tiyín. Láàárín ẹgbẹ́ ìyẹn ò kàn yín. Ẹni tí kì í mu ọtí, ẹ bu omi sínú kọ́ọ̀pù kékeré kan náà fún un, kí ó ní nǹkan gbé sókè.

---

Ìjókòó_Ẹ̀yìn

Ẹ ṣé gbogbo yín. Mo pe ẹni tí mo sọ yẹn bí Ìyá Ìbejì ṣe ní kí n ṣe. Ó ní "iye yẹn dáa, mo ti tọ́jú ẹ̀ tipẹ́." Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó di ọjọ́ Sátidé.

---

Ìjókòó_Ẹ̀yìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti lọ, a ti jẹ, a ti bọ̀, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́. Kó lè yé yín, mo máa fi orúkọ tí a ń pe ara wa pè wọ́n, àwọn tí kò dun ẹnikẹ́ni: Ṣẹ́ẹ̀fù ẹ ti mọ̀ ọ́n. Alága ni kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ní àléjì edé. Gómìnà lolówó. Wòlíì, torí pé ó máa ń sọ ìbéèrè tó máa jáde nínú ìdánwò (kò jáde rí), òun ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Màmá yẹn kéré lójú, ohùn ẹ̀ ni kò kéré. Ṣẹ́ẹ̀fù ti pè é ṣáájú, nígbà tí a máa fi dé, ó ti fi iná méjì sórí tábìlì, ti màlúù lọ́tùn-ún, ti ẹlẹ́dẹ̀ lósì, àlùmọ́gàjí méjì, ẹ̀mú méjì, ó so tẹ́èpù pupa mọ́ ọ̀kan, ó ní ẹni tó bá gbé tibí lọ sọ́hùn-ún òun máa fi òde hàn án. Ó gbé kimchi funfun kan kalẹ̀ níwájú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò sí ata nínú ẹ̀, ó ní iyọ̀ àti aáyù nìkan lòun fi ṣe é, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ti àwa yòókù. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹ́ ṣàlàyé nípa oògùn ẹ̀, màmá ní "jẹun." Ó tán.

@Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn ẹsẹ̀ kú o, mi ò ní parọ́ fún yín. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ Gómìnà ti na tiẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ń ti gbogbo wa. Àmọ́ màmá ní ìjókòó kan tó ní ẹ̀yìn, kò lẹ́sẹ̀, ó gbé e fún ẹni tó bá ti ń kérora, kí ẹ béèrè fún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣe wá bákan. Kálukú ń sọ "o ò yí padà rárá" tí a mọ̀ pé irọ́ ni. Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó rà, òun ló mú ẹ̀mú lọ́wọ́, ó ń sọ ọ́ ó ń fi ẹ̀mú júwe, títí ẹran fi dúdú. Màmá wá láti ìdí ààrò, kò bá a sọ ohunkóhun, ó gba ẹ̀mú lọ́wọ́ ẹ̀, ó wo ojú wa níkọ̀ọ̀kan, ó gbé e fún Wòlíì. A rẹ́rìn-ín débi pé Alága ń nu ojú. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti dọ̀rọ̀.

Wòlíì mọ ẹran í sun, mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń yí i, kò dà bí àwa tí a ń yí i bí ẹni ń wá nǹkan. Ó ń gé e, ó ń pín in, kò gbójú sókè. Bó ṣe ń gé e lọ́wọ́ ló sọ ọ́. Ó ní "ẹ̀yin, mi ò sí níbi iṣẹ́ yẹn mọ́ o, ó ti ń lọ sí ọdún kan." Kò sẹ́ni tó mí. Kò sí ẹni tó sì lè wo ojú ẹ̀ torí ẹran ni gbogbo wa ń wò. Ṣẹ́ẹ̀fù wá ní "èyí tó wà níwájú ẹ yẹn ti jinná," ó gbé e fún un, Wòlíì ń jẹ ẹ́, ó ń sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ká ní ibi tí a ti dojú kọra wa pẹ̀lú fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ni, mo mọ̀ pé kò ní sọ ọ́. Alága béèrè irú iṣẹ́ tó ń wá, ó kọ ọ́ sínú fóònù, kò sọ pé òun máa ṣe nǹkan kan, ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹja! Hongeo ni lóòótọ́, Adùmáradán ẹ wò ó dáadáa. Ṣẹ́ẹ̀fù tó ti ń fi yangàn láti ọ̀sẹ̀ méjì, omi bọ́ lójú ẹ̀ ní ègé àkọ́kọ́. Ti èmi gba ihò imú lọ tààrà sí àtàrí, mo gbàgbé orúkọ mi fún ìgbà díẹ̀. Alága ní òun ò jẹ, kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Ẹ mọ ẹni tó jẹ ẹ́ tán? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó jẹ tiẹ̀, ó jẹ ti Alága, ó jẹ èyí tí Gómìnà tú sínú ewé. Màmá jókòó tì í látìgbà náà, ó ń bu omi fún un.

Lẹ́yìn ẹran, ó gbé naengmyeon wá, núdùsì tútù nínú omi tí yìnyín wà nínú ẹ̀, ó fi àlùmọ́gàjí gé e sọ́nà mẹ́rin nínú abọ́, ó da fínígà lé e. Lẹ́yìn ọ̀rá yẹn, ẹ̀yin ará, ó tọ̀nà.

---

Mọ́nítọ̀_Àná

Owó ńkọ́? Ẹ ò sọ̀rọ̀ owó.

---

Ìjókòó_Ẹ̀yìn

Bí Alákọ̀wé ṣe sọ ọ́ la ṣe é. Kálukú ti san tiẹ̀ fún Ṣẹ́ẹ̀fù kó tó di ọjọ́ náà, Wòlíì ló kọ́kọ́ san. Gómìnà gbìyànjú láti fún màmá ní káàdì ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màmá ní wọ́n ti sanwó, "bọ́ bàtà." Nígbà tí a jáde, ó ní òun gbọ́dọ̀ san nǹkan kan, ó kó wa lọ sí ilé orin, ilé kékeré tí ẹ máa ń tì mọ́ ara yín lórí tẹ́ ẹ á máa kọrin láti ojú tẹlifíṣọ̀n, òun ló san ìyẹn. Ohùn ẹ̀ ò dáa rárá, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì mú máìkì.

---

Alákọ̀wé_Owó

Ó jọ bí àwọn ará Kòríà ṣe ń ṣe é. Ibi àkọ́kọ́ ẹnì kan á san án, wọ́n á ṣí lọ sí ibì kejì, ẹlòmíì á san ìyẹn, títí kan ibì kẹta tí wọ́n bá ṣì lágbára. Olówó á ná owó ẹ̀, ojú ò sì ní ti ẹnì kankan.

---

Adùmáradán

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni olóyè mi 🙌 Tẹ́ ẹ bá tún lọ, ẹ ní kí màmá se budae jjigae fún yín, ọbẹ̀ ata tó ń hó lórí tábìlì. Lẹ́yìn ogun Kòríà ti 1950 sí 1953 ló bẹ̀rẹ̀, ebi ń pa àwọn èèyàn, ẹran inú agolo àti sọ́séèjì tó ń jáde láti bárékè àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbà tí wọ́n sì ń dà pọ̀ mọ́ kimchi. Ìlú Uijeongbu tí bárékè wà ní ìtòsí ẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù fún un. Lónìí wọ́n á ju núdùsì gbígbẹ sí i, gbogbo èèyàn á yí ìkòkò kan ká. Àmọ́ ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹran agolo yẹn o, kí wọ́n se ti Alága lọ́tọ̀.

---

Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn

Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó dùn mọ́ mi, mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi pé àga ló yẹ kí wọ́n ní. Ṣé èéfín ò wọ aṣọ yín lára?

---

Ìjókòó_Ẹ̀yìn

Ó wọ̀ ọ́ wọnú. Màmá fún wa ní àpò ńlá kan nígbà tí a wọlé, ó ní ká kó jákẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀ ká dì í, àwọn tó ṣe é bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Gómìnà wọ tiẹ̀ sọ́rùn kí a lè rí i. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀.

---

Bàbá_Fóònù_Kékeré

😂😂😂😂 Gómìnà ò lè yí padà.

Ìbéèrè kan: tó bá jẹ́ àwa méjì péré la fẹ́ lọ, ṣé wọ́n á dá iná fún wa?

---

KòSátaKòSíJẹ

Wọ́n á dá a. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ gbà síbi tí wọ́n ti ń sun ẹran, wọ́n máa ń ní ó kéré tán kẹ́ ẹ ra ti èèyàn méjì. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì ẹ ti pé. Àmọ́ fún irú ti màmá yìí tí kò ní mẹ́nù, ẹ pè é ṣáájú, torí ọjọ́ náà ló ń lọ ra nǹkan tó máa sè.